Ìyá Tó Máa Ń Bá Ọmọ Rẹ̀ Parí Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi, kí n sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún yín. Abósẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀, Ìlúpéjú ní ìlú Èkó ló ń gbé. Èèyàn dáadáa ni. Bí wàhálà bá dé bá yín, òun ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn yín. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè fara da ohun tó bá ń falẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ dé ìdajì, ó ti bá yín parí rẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, ibi tí ẹ kò ní lọ́kàn rárá ni yóò parí rẹ̀ sí.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe nǹkan tirẹ̀: akólòlò ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Mofẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Ọpọlọ rẹ̀ pé dáadáa, ọ̀rọ̀ ni kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti ní, "Mọ́mì, mo... mo f..." ìyá rẹ̀ á ti dá a lóhùn pé, "O fẹ́ mu omi. Lọ bù ú nínú fíríìjì." Mofẹ́ á sì lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́.

Lásìkò yìí, ọjọ́ àwọn ọmọdé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Mofẹ́ sì ti há ẹsẹ Bíbélì kan sórí tí yóò sọ níwájú ìjọ. Abósẹ̀dé ti pinnu pé òun yóò dúró tì í, òun yóò sì máa bá a sọ ọ́, kí ojú má baà ti ọmọ. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Mofẹ́ ti ń gbìyànjú láti sọ nǹkan fún un nípa ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti ráyè?

Obìnrin ará Íńdíà kan ń gbé nílé kejì sí tiwọn. Láta ni orúkọ rẹ̀, ó ti pẹ́ l'Ékòó débi pé ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Rádíkà, ọmọbìnrin rẹ̀, fẹ́ kọ orin àtayébáyé ilẹ̀ wọn níwájú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, Láta sì pe Abósẹ̀dé àti Mofẹ́ síbẹ̀. Abósẹ̀dé kò dé irú ibẹ̀ rí. Ó wé gèlè gàgàrà, ó ní òun ń lọ jó. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, orí ẹní ni gbogbo èèyàn sì jókòó sí. Ọkùnrin kan wà níwájú pẹ̀lú ìlù kékeré méjì, obìnrin kan ń ta ohun èlò olókùn gígùn kan tó ń kùn ṣáá, Rádíkà sì jókòó sáàárín wọn.

Rádíkà la ẹnu, ohùn kan ṣoṣo ló jáde. Ó dúró lórí rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún padà sórí rẹ̀, ó gùn ún sókè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Onílù gbé ọwọ́ lé itan, kò lu nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí àyà Abósẹ̀dé fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ti gbàgbé orin, gbogbo wọn sì ń wò ó níran! Ẹ mọ bí a ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bí ọmọdé bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ: gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Abósẹ̀dé fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

"O káre, ọmọ mi! Má bẹ̀rù! Jésù á rán ẹ létí!"

Gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Rádíkà dákẹ́, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Láta rọra fa Abósẹ̀dé lọ́wọ́.

"Ìyá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kò gbàgbé nǹkan kan. Bí orin náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ."

Abósẹ̀dé jókòó, ó ń wá ibi tí yóò fi ojú sí. Rádíkà nu ojú rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn àkọ́kọ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tí Abósẹ̀dé lè ṣe ju kó gbọ́ lọ. Ohùn náà ń gùn díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, bó bá sì dákẹ́, ó di dandan kó padà wá. Nígbà tí onílù wá gbọ́wọ́ lé ìlù, tí ọ̀rọ̀ sì wọ inú orin, orí Abósẹ̀dé wú. Ó yíjú wo Mofẹ́. Ọmọ náà nà ró ṣánṣán, kò bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ kankan, ṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ló yé ìyá rẹ̀ pé ohun tí òun ṣe fún Rádíkà lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni òun ń ṣe é fún ọmọ òun. Ó dùn ún wọra.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé, Mofẹ́ ní, "Mọ́mì, mo... mo f..."

Èsì ti dé orí ahọ́n Abósẹ̀dé, ó gbé e mì. "Mò ń gbọ́," ló wí, ó sì dúró sójú kan ní ẹ̀gbẹ́ títì.

"Mo fẹ́... dá ẹsẹ mi sọ. Ẹ má... ẹ má bá mi parí ẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ àwọn ọmọdé pé, Mofẹ́ nìkan ló jáde síwájú. Ó sọ ọ́ dé àárín, ọ̀rọ̀ kan há a lọ́nà ọ̀fun. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Abósẹ̀dé dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí wọn, gbogbo wọn sì dákẹ́. Mofẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde, ìyókù tẹ̀ lé e, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ dé òpin. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni èyí: ẹni tó dákẹ́ díẹ̀ lè má ṣìnà, ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀ ni. Bí ẹnìkan bá ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́. Ẹ dúró dè é.