Ìdábùú Òkè Ilẹ̀kùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọpẹ́ ni fún Olùṣọ́ tí kì í tòògbé.

Ọmọbìnrin náà ń kan ìdábùú mọ́ òkè ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò ní tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ pa arúgbó náà ní títì nígbà tó dédé jáde.

"Ta lo ń tì mọ́lé?" ni ìyá bi í láti orí àga.

"Olè ni mò ń tì síta, Màmá."

"Kí ló fẹ́ wá jí? Èmi?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó lọ mú ìṣó sí i ní ilé ìdáná. Nígbà tó padà, òjò ti ń fẹ́ wọlé. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ń kan ìṣó lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹnì kan ń kànkùn. Ó rò pé aládùúgbò tí ariwo òòlù ti sú ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù! Ó ti fẹ́ parí."

Ìkànkùn náà dákẹ́. Ó ti ìdábùú, ó dúró gbọn-in.

"Màmá, ẹ wá wò ó!"

Àga ṣófo.

Nígbà tó fi máa ṣílẹ̀kùn, bàtà ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ló bá nínú òjò, tó kọjú sí títì.

Olúwa kò ní jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí à ń ṣọ́ síta. Àmín.