Òdòdó Kamomáìlì Aláṣọ-ọmọ

Aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Aláṣọ-ọmọ ló kọ́kọ́ sọ fún un pé òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní kamomáìlì, tó ń lé ara yíyún lọ.

“Yéé họra bí ewúrẹ́ tó rí ògiri, Aláṣọ-ọmọ. Lọ bá alágbo.”

Ó yẹ kó lọ lóòótọ́. Aṣọ ọmọ tuntun ló ń tà: fìlà kéékèèké, ìbọ̀sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òun nìkan ló ń dá a tà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ọrùn àti apá rẹ̀ ti sú, àwọn aboyún á mú ọjà, wọn á gbójú sókè, wọn á rí i tó ń họra, wọn á ní àwọn ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó padà wá.

Alágbo bu òdòdó gbígbẹ náà sínú ọ̀rá. Ó ní kó da omi gbígbóná lé e, kó dé e títí yóò fi tutù, kó sẹ́ ẹ, kó wá máa fi aṣọ mímọ́ tẹ omi rẹ̀ mọ́ ibi tó ń yún un.

“Yóò tù yín lára, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń fà á bá ṣì wà nínú ilé, ẹ kàn ń fowó yín ṣeré ni o.”

“Ìwọ ṣáà ta tìẹ.”

Ó ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tó máa fi jí, ọrùn ti tún pọ́n yòò. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó ju ìpara nù. Ó sá tìmùtìmù sóòrùn. Ẹsẹ̀ ò yún un, ẹ̀yìn ò yún un. Ọrùn, apá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni.

Inú bí i, ó gbé ọ̀rá náà padà lọ.

“Koríko lo tà fún mi!”

“Òdòdó gidi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbóòórùn ẹ̀.”

“Imú kọ́ ló ń yún mi.”

Alágbo bu òmíràn fún un láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an ló wá bí i nínú jù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó ká ọwọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ sókè.

“Màámi, irun àgùntàn ló máa ń ṣe yín báyìí. Búláńkẹ́ẹ̀tì tí mo rà yẹn ńkọ́?”

“Mo ti fi tọrẹ.”

“Ẹrù Bàbá ńkọ́?”

“Ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ kọ́ lẹ kó o lọ? Àbí ẹ fẹ́ dá a padà ni?”

“Ẹ jẹ́ n wo yàrá yín.”

“Yàrá mi kì í ṣe ọjà. Lọ bu oúnjẹ jẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, aboyún kan àti ìyá rẹ̀ ṣa ẹrù ọmọ jọ rẹpẹtẹ. Aláṣọ-ọmọ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń béèrè iye rẹ̀, ọwọ́ kan já jáde, ó lọ bá ọrùn.

“Ẹ má bínú, ìyá,” ni ìyá aboyún wí. “Ọmọ tuntun ni.”

Wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n tiẹ̀ ká a.

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. “Òdòdó yẹn ò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó yẹ kó ṣiṣẹ́!” Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Kí ni mo bẹ̀ ẹ́ ju kó ṣiṣẹ́ lọ?”

Ẹni tó ni ìsọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí i. Ó ní ẹlòmíì ń fẹ́ ibẹ̀. Bí ara ìyá ò bá yá kí oṣù tó parí, kí wọ́n jọ̀wọ́ kó ẹrù wọn. Aláṣọ-ọmọ ní òun gbọ́.

Nígbà tó délé, ó rẹ kamomáìlì, ó sẹ́ ẹ, ó fi tẹ ọrùn, ó fi tẹ apá, ó fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró kó gbẹ dáadáa, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó wá fa kóòtù onírun àgùntàn tí ọkọ rẹ̀ bọ́ kẹ́yìn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí kò jẹ́ kí omi kàn rí, ó wé ọwọ́ kóòtù náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àyà kóòtù náà, ó sì sùn.