Ọjọ́ Méjì Tí Nọ́ọ̀sì Fi Lé E

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ̀rọ̀ náà fi há nọ́ọ̀sì lọ́fun bí eegun ẹja. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ló wọ bàtà rẹ̀, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ẹ̀rọ ìgégi ń han gooro nígbà tó wọlé. Ọmọbìnrin tó ń fi gé pákó kò tilẹ̀ ṣẹ́jú sí ariwo náà; àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì ni etí rẹ̀ ti di. Bó ṣe rí àlejò, ó pa ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí àga kan fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gún nọ́ọ̀sì ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìyá ọmọ náà yọ láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí òun àti ọmọ náà ti kúrò ní ọsibítù tí nọ́ọ̀sì ti tọ́jú wọn, bó bá ti rí nọ́ọ̀sì lókèèrè báyìí, òdìkejì títì ló ń yà sí. Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. Ta ni yóò fẹ́ wo ojú ẹni tó di ọmọ òun létí? Lónìí, kò síbi tí yóò yà sí.

"Ẹ káàsán o, nọ́ọ̀sì. Ṣé kò sí?"

"Ó wà, màmá. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó sá padà."

Ó jókòó sórí àga tí ọmọ náà gbọn fún un.

"Nígbà tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ jẹntamaisíìnì ni dókítà ní ká fún un. Ọjọ́ márùn-ún ló kọ. Mo rí i pé ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, mo fi ọjọ́ méjì lé e. N ò bi ẹnikẹ́ni. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá pọ̀ jù lára ọmọdé, etí ló máa ń bá jà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún náà ni mo sì kọ sínú ìwé."

Ọmọbìnrin náà ń wò láti ẹnu ẹnì kan dé ti ẹnì kejì. Ó fọwọ́ bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ dá a lóhùn pé kò sí nǹkan kan.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ mi sùn, mo wà nílé," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ìyá náà fà á dìde. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Lọ́jọ́ tí mo gbé e wá, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ẹ bi mí bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ kankan tẹ́lẹ̀," ni ó wí, "mo ní rárá, bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni oníkẹ́mísì àdúgbò wa ti fi ń gún un ní jẹntamaisíìnì kan náà, èmi gan-an ni mo sì ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."