Òkété Tún Ihò Rẹ̀ Ṣe

Ibi tí Ehoro àti ìyàwó rẹ̀ ti ń dé ẹnu ihò Òkété ni àlọ́ mi ti bá wọn. Òkété fẹ́ ta ihò náà, kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì odò, nítorí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ti ní, "Bàbá, ẹ dín owó rẹ̀ kù." Òkété ní òun ò ní ta á lọ́pọ̀, òun á kúkú tún un ṣe. Ó ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri, ó ń kọrin, òun náà ló sì ń gbè é:

Ilé mi dára, ẹ yà wá wò ó,
Tẹ̀rẹ̀nàná.
Ẹni tó rà á ló tú mi sílẹ̀,
Tẹ̀rẹ̀nàná.

Ehoro wọlé, ó fọwọ́ ra ògiri. "Bàbá, ilé yìí dán o. Ọ̀nà ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Mo ti fi amọ̀ dí i, kí ògiri lè dọ́gba."

Ìyàwó Ehoro ní, "Bí ọdẹ bá wá fẹ́ èéfín wọlé látiwájú, ṣé ògiri la ó máa wò?"

"Amọ̀ náà ti le bí òkúta, èékánná mi sì ti tán. Ẹ mú un ní ìdajì owó."

Ìyàwó Ehoro yíjú sí ẹnu ihò, ó ń jáde lọ.

"Ó dáa, ẹ tilẹ̀ jókòó díẹ̀ ná."

Ehoro dọ̀bálẹ̀ kí i, ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ jáde.