Omi Tí Wọ́n Fi Ń Po Mílíìkì Oarabile

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sáré gba Oarabile lẹ́yìn ìyá àgbà tó pọ̀n ọ́n wá. Ètè ọmọ náà ti dúdú bí aró.

“Màmá, omi wo lẹ fi ń po mílíìkì ẹ̀?”

“Látìgbà tíyá ẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ìlú Maun, omi kànga ẹ̀gbẹ́ ọgbà màlúù wa náà ni. Àmọ́ mò ń sè é o. Bára ẹ̀ ṣe wá ń burú yìí, ó dìgbà tó bá ku ìlàjì ìkòkò kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Iyọ̀ tó ń ti ara ìgbẹ́ màlúù jáde, tí wọ́n ń pè ní náítírétì, ti wọnú kànga yẹn, ikùn ìkókó ló sì ń sọ ọ́ di oró tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́. Iná kì í pa iyọ̀ náà. Bómi ṣe ń gbẹ ló ń le sí i.

Ọmọ náà mí lẹ́ẹ̀kan, kò mí mọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ìyá àgbà, ó yanu láti sọ̀rọ̀.

“Má wulẹ̀ sọ ọ́, ọmọ mi,” ni ìyá àgbà wí. “Ẹ̀bi mi ni. Mi ò sè é pẹ́ tó.”