Lẹ́tà Màmá Tíṣà

"Màmá, ibi tí kò yẹ lẹ tún tẹ̀ yẹn!" Oníkọ̀ǹpútà tó ń tún ẹ̀rọ ilé-ìwé ṣe pariwo mọ́ màmá tíṣà lójú gbogbo olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti so kọ̀ǹpútà màmá tíṣà pọ̀ mọ́ fóònù màmá láìlo wáyà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí màmá bá fi ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kì í dé orí fóònù náà.

"Má bínú, ọmọ mi. Orí mi ti di ajere, nǹkan kì í dúró níbẹ̀ mọ́."

"Ajere tiẹ̀ ń di ẹja mú, Màmá!"

Àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí n fi lẹ́tà kan dán an wò," màmá ní.

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Fóònù màmá dákẹ́ lórí tábìlì bí òkúta. Àpò ṣòkòtò oníkọ̀ǹpútà ló dún.

Màmá tún un tẹ̀. Àpò tún dún.

"Gbé e, ọmọ mi, bóyá oníbàárà ni."

Òógùn bo oníkọ̀ǹpútà. Fóònù tirẹ̀ ló fi dán kọ̀ǹpútà màmá wò lọ́jọ́ tó so ó pọ̀, kò sì rántí já a kúrò. Láti ìgbà náà ló ti ń dún, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ ọ́, ó ka lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé:

"Ọ̀gá ilé-ìwé, mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Orí mi ò gbé e mọ́."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé e mì.

"Ọmọ mi," màmá rọra bi í, "àbí mo tún ṣì í tẹ̀ ni?"