Akọ̀wé Aláṣọ Funfun

Ìbídùn àbúrò mi,

Má ka lẹ́tà yìí sí Ìyá létí. Irọ́ ni mo pa nínú gbogbo àwọn tó ṣáájú. Èmi kì í ṣe akọ̀wé, n kò sì ní ẹ̀wù funfun kankan. Èédú ni mò ń kó sínú iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ tánńganran níbi ìwakùsà yìí.

Lánàá, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ẹnìkan pè mí láti ẹ̀yìn: "Àkàngbé!" Kò sí ẹni tó mọ oríkì mi níhìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá ni. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, síbẹ̀ etí ìró rẹ̀ kò mì. Kò sí eruku lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Audu tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé, "Ta nìyẹn?"

Gbogbo irọ́ mi sọ sí mi lọ́kàn. Èédú kùn mí lójú, n kò wọ ẹ̀wù. Ojú tì mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá wò mí títí. "Ẹ má bínú, bàbá," ló wí. "Mo fi yín pe ọmọ mi ni. Akọ̀wé lọmọ tèmi."

Ó yí padà. Ó gba orí ìdàrọ́ kọjá, ìdọ̀tí gbígbóná tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láti inú ìléru, tó ṣì pọ́n bí ẹyinná. Kò ká ìró rẹ̀ sókè. Kò yára. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ Audu.

Ìbídùn, mo ti yí ọkàn padà. Bí Ìyá bá ṣì wà nílé, ka lẹ́tà yìí sí i létí. Kà á sókè.